Bí A Ṣe Kó Ohùn Bàbá Yín Kúrò Nínú Kọ̀ǹpútà

Ìwó,
Ọjọ́ Àlàmísì.

Badrudeen Àlàní, ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù. Ṣé dáadáa ni ìwọ àti ìyàwó wa wà ní Àbújá? Tí o bá bi wá, àlàáfíà ni a wà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ bá ti ń kọsẹ̀, ìwọ á máa rìn gaara níbẹ̀, lọ́lá Ànábì.

Ṣé o rántí kọ̀ǹpútà tí o fi sílẹ̀ fún Kareemah àbúrò rẹ? Ó ti kún bí àká àgbàdo, kò gba iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀ mọ́. Kareemah wá sọ fún mi pé o ní kí òun pa gbogbo nǹkan àtijọ́ inú rẹ̀ rẹ́ kí àyè lè gbà. Háà, Badru! Wáàsí ààwẹ̀ tí bàbá yín ṣe kẹ́yìn kí Ọlọ́run tó pè wọ́n wà níbẹ̀, kò sì sí ibòmíràn tí ohùn wọn kù sí láyé. Mo ní kí ó kọ́kọ́ wá pa èmi náà rẹ́ ná.

Mo bá gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sọ́dọ̀ Mikail tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lọ́nà Ilé-Ogbó. Ó ní kò le rárá, ó mú àpótí pẹlẹbẹ kan jáde tí kò ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ, wọ́n ń pè é ní háàdì, ó ní òun yóò kó gbogbo ẹrù inú kọ̀ǹpútà sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ mí, ogún ọdún ni mo ti ń ra kajú lọ́wọ́ àwọn ará Kuta, n kì í gba ẹrù tí n kò bá wọ̀n. Mo gbé òṣùwọ̀n mi dání lórí ọ̀kadà. Mo wọn háàdì kí ó tó bẹ̀rẹ̀, mo sì jókòó tì í, ó ń kó o, ó ń kó o, odidi wákàtí kan, n kò rí ẹrù kankan tó gba orí okùn tó fi so wọ́n pọ̀ kọjá. Nígbà tó ní ó parí, mo tún háàdì wọ̀n. Abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n kò sún! Mo gbé kọ̀ǹpútà wọ̀n, òun náà kò fúyẹ́.

Ni mo bá figbe ta. Mo ní Mikail ti da ohùn ọkọ mi sọ́nà. Ọlọ́kadà àti oníkẹ̀kẹ́ pé lé wa lórí, mò ń bi wọ́n pé ṣé ẹrù máa ń wọ inú àpò kí àpò má wúwo ni. Mikail dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n fara balẹ̀, ó tẹ nǹkan kan.

Badru, bàbá yín sọ̀rọ̀! Wọ́n wúkọ́ bí wọ́n ṣe máa ń wúkọ́, wọ́n ní kí àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn yéé pariwo. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo ní ẹ má bínú, Alfa. Mo bẹ Mikail títí, mo sì fi kajú tù ú nínú.

Háàdì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù mi báyìí, lẹ́bàá fèrèsé, kí ooru má baà mú wọn. Mo ti kìlọ̀ fún Kareemah pé kò gbọdọ̀ gbé rédíò sún mọ́ wọn, o mọ̀ pé wọn kò fẹ́ràn ariwo orin.

Owó kan wà tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ, ti háàdì kejì ni, nítorí Mikail ní ohun tó bá ṣọ̀wọ́n kì í gbé ilé kan ṣoṣo. Má fi ránṣẹ́ sí báǹkì o, fọwọ́ ara rẹ gbé e wá. Láti ọjọ́ fídáù bàbá yín, ọdún kẹta rèé, a kò rí ọ. Àyè ti pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà báyìí, ohùn tìrẹ ni mo fẹ́ kó sí i, kí n lè máa rí nǹkan gbọ́ nígbà tí o kò bá gbé fóònù mi.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ bọ̀ wálé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ràhámọ̀tù.