Ẹni Tó Ń Wo Abẹ́ Ewé: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Nùréènì Àkànó Shuaib (1943–1995)

Ní ọdún 1943 ni a bí Olóògbé Nùréènì Àkànó sí agboolé Arówólò ní ìlú Ògbómọ̀ṣọ́. Olóògbé Shuaib Àlàó, àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́, ni bàbá wọn. Olóògbé Sàfúrátù, tó ń ṣe láfún tà, ni ìyá wọn. Àwọn ni àbíkẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n wọn, Bàbá Ràsákì, ló kọ́kọ́ fi ọkọ́ lé wọn lọ́wọ́.

Wọ́n ka ìwé mẹ́fà, wọ́n sì lọ sí ilé kéú. Ní 1966, wọ́n rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ahunṣọ kan ní Ìkẹjà. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní títún ẹ̀rọ ṣe. Wọ́n a dúró ti èyí tó bá bàjẹ́, wọ́n a wo ibi tí òwú ti ń já, wọ́n a sì tọ̀ ọ́ lọ títí dé ìdí rẹ̀. Ní 1968, wọ́n fẹ́ ìyá wa, Sùlíyá, wọ́n sì jọ ń gbé ní Agége.

Ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní Sáàpù dé. Òwú òkè òkun di ohun àwátì, ilé iṣẹ́ náà sì ti ilẹ̀kùn ní 1988. Olóògbé gba ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, ibẹ̀ ni gbogbo ilé sì ti ń jẹun.

Ọdún àkọ́kọ́ burú. Ewé ẹ̀gẹ́ pàwọ̀ dà, ó ká kò. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ lọ. Olóògbé wò ó bí ẹni ń wo ẹ̀rọ. Wọ́n rí i pé igi tí a bá gé lára ẹ̀gẹ́ tó ń ṣàìsàn, àìsàn náà ló ń bá a hù, bó ti wù kí ilẹ̀ dára tó. Wọ́n yí ewé padà, wọ́n sì rí àwọn kòkòrò funfun kéékèèké tó ń gbé àìsàn láti orí èyí tó ti mú fò sórí èyí tí ara rẹ̀ le. Kò sí oògùn tó lè wo èyí tó ti mú sàn. Nítorí náà, ara èyí tí ewé rẹ̀ tẹ́ dáadáa nìkan ni wọ́n ń gé igi gbìn. Èyí tó bá ká kò, wọ́n á fà á tu, wọ́n á sun ún. Fún kòkòrò tó ń jẹ inú igi àgbàdo, eérú ni wọ́n ń bù sí ọ̀fun àgbàdo, láàárín ewé rẹ̀, kí kòkòrò náà tó ráyè wọlé.

Tíṣà Catherine, ọmọ Èkìtì tí oko wọn bá tiwa pààlà, a máa pariwo pé, “Dókítà ẹ̀gẹ́! Ebi ń pa wá, ẹ tún ń sun aláìsàn láàyè!”

Olóògbé a rẹ́rìn-ín. “Tíṣà, ẹni tó bá ṣàánú ẹyọ kan á sunkún gbogbo oko.”

Nígbà tó fi di 1992, kò sí ewé kan tó ká kò lóko náà. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún aládùúgbò ní igi gbìn. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe: kí ẹnikẹ́ni má gbé igi wọlé láti ibòmíràn. Olóògbé náà ló ń tún ẹ̀rọ omi àlùwàlá mọ́sálásí wa ṣe.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1993, a so yìgì Màrdíyyàh, ọmọ wọn obìnrin. Bàbá Ràsákì gbé ìdì igi ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti oko bàbá wọn, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ lójú gbogbo àlejò. Olóògbé lọ́ra. “Nùré,” ni ẹ̀gbọ́n wọn wí, “àbí Èkó ti sọ ẹ́ di òyìnbó? Igi ilé bàbá rẹ nìyí!” Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín.

Ìyá wa sọ̀rọ̀ sí olóògbé létí pé, “Bàbá Hakeem, ẹ jẹ́ kó gbẹ sẹ́yìn ilé.”

“Ẹ̀gbọ́n mi á béèrè rẹ̀.”

Igi tí kò léwé kì í fi àìsàn hàn. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ igi ilé bàbá rẹ̀, ilé bàbá rẹ̀ ló kọ̀. Wọ́n gbìn ín sí etí oko, kí wọ́n lè máa ṣọ́ ọ.

Wọn kò rí i ṣọ́. Ìjọba ológun fagi lé ìbò oṣù kẹfà, táyà ń jó lójú títì, ṣọ́jà gba ìgboro. Ìgbà tí olóògbé fi ráyè dé oko, àìsàn ti gbà á láti etí dé àárín. Wọ́n fa gbogbo rẹ̀ tu. Tíṣà Catherine bá wọn fà á. Àwọn méjèèjì ló jọ sun ún. Àìsàn náà ti mú oko àwọn aládùúgbò pẹ̀lú, kò sì síbi tí a lè ti tọrọ igi padà.

Ní 1994, a kò rí igi tó dára gbìn. Ọlárónkẹ́, ọmọ wọn, fi ilé ìwé sílẹ̀ nítorí owó kò sí. Ẹ̀jẹ̀ ríru kọlu olóògbé, oògùn kò sí nílé ìwòsàn. Wọ́n dákẹ́ ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹjọ ọdún 1995, a sì sin wọ́n lọ́jọ́ náà.

Wọ́n fi ìyá wa sáyé lọ, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta: Abdulhakeem, Màrdíyyàh àti Ọlárónkẹ́, ọmọ-ọmọ kan, Teslim, àti ẹ̀gbọ́n wọn.

Bàbá Ràsákì fúnra wọn ló ní kí a kọ ọ̀rọ̀ igi náà síbí, kí ẹni tó bá tún fẹ́ di igi ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti ilé lè kọ́kọ́ wo abẹ́ ewé kó tó gé e. Wọn kì í wá sí Agége lọ́wọ́ òfo. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ọwọ́ òfo ni wọ́n mú wá.

Àkànó, ọmọ Ajílété, ẹ sùn re o. Kí Ọlọ́hun tẹ́ yín sí ilẹ̀ tí ewé kì í ti í ká kò. Àmín.