Sóyà Tí Mo Gbé fún Màmá

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù Karùn-ún, 2025

Mo bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí torí pé orí mi kò gba gbogbo ohun tí mò ń bẹ̀rù mọ́. Ọdún kìíní nílé-ẹ̀kọ́ gíga, ẹ̀ka ìmọ̀ oúnjẹ. Ogójì ni wá nínú kíláàsì, ó sì ń ṣe mí bíi pé èmi nìkan ni wọ́n ṣèèṣì mú.

Ìyáàfin Ìbítóyè ló kọ́ wa lónìí. Wọ́n máa ń fi bírò kan tábìlì bí ẹni ń pe adìyẹ — Ìyá Bírò ni mo sọ wọ́n níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ sóyà ni. Wọ́n ní nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó fara jọ èyí tó máa ń gbẹ lára obìnrin nígbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá dáwọ́ dúró. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ déédéé, ó lè dín ooru òjijì kù fún un. "Ó lè," wọ́n tún un sọ. "Mi ò sọ pé ó máa."

"Ó máa" ni mo ti kọ sílẹ̀. Mo pa á rẹ́.

Màmá ni mò ń rò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 oṣù Karùn-ún

Màmá pé ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Ó ti lé lọ́dún méjì tí nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró. Ooru á kàn dé lójijì, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí ara tèmi tutù. Wọ́n á tú gèlè, wọ́n á ṣí ìdérí ìkòkò, wọ́n á máa fi fẹ́ra. Òógùn á bò wọ́n títí dé ìgbọ̀nwọ́. Wọn kì í ráhùn.

Mo mọ ìdí tí wọn kì í fi ráhùn. Nínú ìjọ aláṣọ funfun tiwa, obìnrin tó bá ń rí nǹkan oṣù kì í wọ ilé ìsìn títí ọjọ́ méje yóò fi pé. Ibi pẹpẹ ńkọ́? Àfi ẹni tí tirẹ̀ ti tán pátápátá. Ní oṣù Kìíní ọdún tó kọjá ni wọ́n fi ìtọ́jú pẹpẹ lé Màmá lọ́wọ́. Gbogbo Àbámẹ́ta ni wọ́n ń lọ pààrọ̀ aṣọ orí rẹ̀, tí wọ́n ń nu ọ̀pá àbẹ́là. Láti ìgbà tí Bàbá ti kú, mi ò rí ohun mìíràn tó mú wọn rìn pẹ̀lú ìdùnnú bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ fún mi nígbà yẹn pé: "Ooru yìí, mo gbà á. Òun ló mú mi débẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi Boaz wà ní Àbújá. Èmi àti Màmá nìkan ló wà nílé ní Kàbà níbí. Bí mi ò bá ṣe nǹkan, ta ló máa ṣe é?

Ọjọ́ Ẹtì, 9 oṣù Karùn-ún

Mo dúró lọ́dọ̀ Ìyá Virtue tó ń dín àwàrà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ojú mi wà lára agbada wọn. "Okun o," wọ́n kí mi bí a ti ń kíra ní Kàbà, "ọmọ sùkúù, o fẹ́ rà ni àbí o fẹ́ wò ó yó?" Mo ní mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń fi sóyà ṣe é, torí ìyá mi, torí ooru. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí ṣíbí fi bọ́. Wọ́n ní ara àwọn náà ń gbóná, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ agbada epo ni àwọn jókòó sí, ta ni yóò mọ̀?

Wọ́n kọ́ mi. Rẹ ẹ́ mọ́jú. Lọ̀ ọ́. Fi aṣọ sẹ́ ẹ. Sè é títí ìfóófòó rẹ̀ á fi rọlẹ̀. Bu omi ògì kíkan sí i, yóò dì. Dì í sínú aṣọ, gbé òkúta lé e.

Ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù Karùn-ún

Mi ò sè é jinná. Inú run àwa méjèèjì. Màmá ní kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí n di dókítà.

Ọjọ́rú, 14 oṣù Karùn-ún

Ó dì lónìí. Ó funfun, ó sì le díẹ̀. Mo gé e, mo dín in, mo fi ata lílọ̀ sí i. Màmá jẹ ẹyọ mẹ́fà, wọ́n lá ìka. "Àwọn Haúsá ti mọ nǹkan yìí jẹ tipẹ́ o." Mo ṣàlàyé ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wọn, bí ó ṣe fara jọ omi ara obìnrin. Wọ́n fetí sílẹ̀ gan-an, wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Mo ní ó máa dín ooru kù.

"Ó máa" ni mo sọ. Mo gbọ́ ọ bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 oṣù Karùn-ún

Ọjọ́ mẹ́wàá. Àwàrà, wàrà sóyà nínú ògì, ìyẹ̀fun sóyà nínú àkàrà. Ooru mú Màmá lẹ́ẹ̀mẹrin lónìí. Lẹ́ẹ̀méje lójúmọ́ ni lọ́sẹ̀ tó kọjá. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí pé inú mi dùn. Wọ́n rù díẹ̀. Mo rò pé oúnjẹ tó fúyẹ́ ló fà á.

Ọjọ́ Àìkú, 1 oṣù Kẹfà

Màmá kò lọ síjọ. Wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn. Wọ́n ní kí n gbé kọ́kọ́rọ́ àpótí aṣọ pẹpẹ fún Màmá Martha, ìyá ìjọ wa. Màmá Martha wo kọ́kọ́rọ́, wọ́n wò mí. "Orí lásán ni àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 oṣù Kẹfà

Mo rí àwọn àkísà tí Màmá sá sẹ́yìn ilé ìdáná, lábẹ́ ìró. Wọ́n ti fọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n àmì ẹ̀jẹ̀ kò lọ tán.

Mo bi wọ́n. Wọ́n jókòó lórí àpótí, wọ́n ní, "Àlejò mi ti padà. Sóyà rẹ ti sọ mí dọmọge." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi kò rí i rín. Wọ́n wá ní, "Ṣebí ìwọ lo sọ pé ó jọ omi ara obìnrin?" Mo ní èmi ni.

Wọ́n ní ká dá a dúró, bí a bá ti dá a dúró, ẹ̀jẹ̀ náà yóò dúró. Kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. "Wọ́n á gba pẹpẹ lọ́wọ́ mi, Tiwaladé. Ìgbà wo ni wọ́n á tún fi í lé mi lọ́wọ́, lọ́jọ́ orí mi yìí?"

Mo da gbogbo sóyà tó kù fún adìyẹ.

Ọjọ́bọ̀, 5 oṣù Kẹfà

Èmi ni mo ṣe é.

Ọjọ́ Ajé, 9 oṣù Kẹfà

Ọjọ́ kẹfà láìsí sóyà. Ẹ̀jẹ̀ kò dúró. Màmá ń fa ara wọn bí ẹni gbé igi lórí. Wọ́n ní ó kù díẹ̀ kí sóyà náà jáde tán lára àwọn. Mo gbà wọ́n gbọ́ torí pé mo fẹ́ gbà wọ́n gbọ́.

Ọjọ́rú, 11 oṣù Kẹfà

Mo tọ Ìyá Bírò lọ lẹ́yìn kíláàsì. Mo ní obìnrin kan ní àdúgbò wa ni. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Bírò dúró. Wọ́n ní kì í ṣe oúnjẹ ló yẹ ká máa bá wí. Ẹni tó bá ti lé lọ́dún kan láìrí nǹkan oṣù, tó wá rí ẹ̀jẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀kán kan, ilé ìwòsàn ni ó gbọ́dọ̀ lọ. "Obìnrin àdúgbò yín yẹn, sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ dọ̀la." Wọ́n fọwọ́ kan èjìká mi. Wọ́n mọ̀.

Màmá kọ̀. Nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn ìlú wa jẹ́ ọmọ ìjọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù Kẹfà

Mo kúnlẹ̀. Mo ní èmi ni mo gbé e wọlé, èmi ni mo sè é, ẹ jẹ́ kí n gbé yín lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ mi ò ní lè dárí ji ara mi. Màmá wò mí bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan. Ohun tí wọ́n sọ ni, "Ó dáa, Lókọ́já ni ká lọ. Níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ mí."

Ọjọ́ Ajé, 16 oṣù Kẹfà

Lókọ́já. Wọ́n pe Màmá nìkan wọlé, mo jókòó síta. Wọ́n mú nǹkan díẹ̀ nínú ilé ọmọ wọn fún àyẹ̀wò. Ó di ọ̀sẹ̀ méjì kí èsì tó jáde.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 oṣù Kẹfà

Màmá Martha ti fi ẹlòmíràn sí pẹpẹ "títí ara á fi yá". Màmá ní ó dáa. Wọ́n wọnú yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 oṣù Keje

Jẹjẹrẹ ni. Nínú ilé ọmọ, ó sì ti ń jáde síta rẹ̀. Dókítà sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Wọ́n fi fáìlì lé mi lọ́wọ́ kí n gbé e lọ fún àwọn tó ń kọ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Mo ṣí i. Mi ò mọ ìdí tí mo fi ṣí i. Ní ojú ewé àkọ́kọ́, níbi tí wọ́n kọ ohun tí Màmá fẹnu ara wọn sọ: ó ti ń rí ẹ̀jẹ̀ láti oṣù Kejì.

Oṣù Kejì. Nígbà yẹn mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ sóyà.

Mo bi Màmá lábẹ́ igi tí a dúró sí de ọkọ̀. Wọn kò jiyàn. Wọ́n ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ló bẹ̀rẹ̀, níwájú pẹpẹ gan-an, àbẹ́là wà lọ́wọ́ àwọn. Díẹ̀ ni. Wọ́n nu ilẹ̀, wọ́n parí iṣẹ́ wọn. Ó lọ, ó tún padà, ó tún lọ. Gbogbo ìgbà tó bá padà, wọ́n rò pé Ọlọ́run ń fìyà jẹ àwọn nítorí tí àwọn kò sọ, ìyẹn kò sì jẹ́ kí àwọn lè sọ. Ní oṣù Kẹfà ó wá pọ̀ débi tí kò ṣeé bò mọ́.

"Nígbà tí o gbé sóyà rẹ dé, mo ní mo ti rí ohun tí mo lè di ẹ̀bi ẹ̀jẹ̀ náà rù. Mi ò mọ̀ pé ìwọ ni mò ń di ẹ̀bi náà rù títí o fi kúnlẹ̀."

Ọkọ̀ dé. A wọ̀ ọ́. Wọ́n sùn lé mi léjìká kí a tó dé Ọ̀bàjànà, ọwọ́ wọn fúyẹ́ nínú tèmi.

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni iṣẹ́ abẹ. Kì í ṣe sóyà. Kì í ṣe èmi. Mo ti rò pé lọ́jọ́ tí mo bá gbọ́ ìyẹn, ara á tù mí. Kò tù mí. Láti oṣù Kejì ni ẹ̀rù ti ń ba ìyá mi nínú ilé tí a jọ ń gbé, èmi kò sì béèrè ohun kan lọ́wọ́ wọn ju pé ṣé ẹ ti jẹun.