Ọjọ́ Tí A Kọ Ẹ̀yìn Dííṣì sí Mẹ́kà

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ forí jì mí. Mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí irú mi, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wà ní ọdún àkọ́kọ́ ní yunifásítì, máa kọ̀wé sí ẹni tí wọ́n sin sí ilẹ̀ mímọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lórí òrùlé wa ní Bẹyẹrúnkà, n'Íbàdàn, ju ohun tí mo lè dá gbé lọ.

Láti ìgbà tí ẹ ti lọ sí Mẹ́kà tí ẹ ò padà, Ìyá Àgbà kì í kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n tó ń fi ìrun Mẹ́kà hàn. Lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, wọ́n máa ń kírun sí àwọn òkú lára. Báyìí ni wọ́n ṣe kí tiyín, kò sì sí ẹnì kankan nínú wa níbẹ̀.

Ìjì wá gbé dííṣì tẹlifíṣọ̀n wa ṣubú lórí òrùlé. Ìyá Àgbà jókòó síwájú gíláàsì tẹlifíṣọ̀n tó ṣókùnkùn, oúnjẹ ò wọ ọ̀fun wọn. Bàbá Kékeré, àbúrò yín, gbé dííṣì náà dìde, wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí ibi tí a ń kọjú sí kírun. Ṣebí Mẹ́kà la fẹ́ wò?

Mo yá mítà tí wọ́n fi ń wá sátẹ́láìtì lọ́wọ́ olùkọ́ wa. Bí dííṣì bá kọjú sí òfìfo, ìlà ojú mítà á tẹ́ bí ẹní. Bó bá kan sátẹ́láìtì, ìlà náà á gbérí. Tèmi tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo sì mọ ìdí rẹ̀. Sátẹ́láìtì tó ń gbé àwòrán Mẹ́kà wá fún wa dúró lójú ọ̀run lórí òkun, níhà ibi tí oòrùn ń wọ̀, bẹ́ẹ̀ Mẹ́kà wà níhà ibi tó ti ń yọ. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò, tí mo ti ń rò ó pé kí n fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ta ni mo jẹ́ tí n ó fi sọ fún Bàbá Kékeré pé wọ́n ṣì í?

Mo pàpà sọ ọ́. Ìyá Àgbà gbọ́ láti ìsàlẹ̀.

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ká kẹ́yìn sí Mẹ́kà ni wọ́n ń kọ́ yín ní yunifásítì?”

“Ẹ jẹ́ ó yí i, Ìyá,” Bàbá Kékeré dáhùn. “Injiníà ilé wa nìyẹn. Bí kò bá gbé e, àá jọ fi í ṣe yẹ̀yẹ́.”

Mo tú nọ́ọ̀tì tó dì í mú, mo yí dííṣì díẹ̀díẹ̀, mo gbójú rẹ̀ sókè. Lójijì ìlà náà gbérí, òkè lórí òkè, bíi pé mo dúró lórí òkè Mápó mò ń wo Ìbàdàn. Bàbá mi, ara mi bù máṣọ. Ohun kan so rọ̀ lójú sánmọ̀ tí ojú wa ò tó o, tọ̀sán tòru ló ń rọ̀jò ohùn àti àwòrán sórí páànù gbogbo ìlú. À ń gba inú òjò náà kọjá láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, a ò mọ̀. Kí ló tún ń rọ̀ lé wa lórí tí a ò ní mítà rẹ̀? Ṣé ẹ̀yin náà ń bá wa sọ̀rọ̀?

“Ó ti gbé e! Ó ti gbé e o!” Ìyá Àgbà ké láti ìsàlẹ̀.

Mo sáré sọ̀ kalẹ̀. Oòrùn ṣì ń mú lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n wọ́n ti kí Mọ̀gàríbì, ìrun àṣálẹ́, tán ní Mẹ́kà, wọ́n ń dìde fún ìrun òkú. Ìyá Àgbà fọwọ́ ti ògiri, àwọn náà dìde. Bàbá Kékeré náà dé, wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá. Mo bọ́ bàtà. A kírun sí ẹni tí a ò mọ orúkọ rẹ̀ lára, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí kò mọ̀ yín ti ṣe fún yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí pamọ́. Bí àwọn aáfà àdúgbò bá gbọ́ pé a kírun tẹ̀lé tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á bá Ìyá Àgbà wí, bẹ́ẹ̀ Ìyá Àgbà ń sùn fọnfọn báyìí, irú oorun tí wọn ò tíì sùn láti ìgbà tí ẹ ti lọ.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ń padà sí kíláàsì lọ́la.