Marlène Sọ Mí Di Ẹ̀rọ

                                        Akpakpa,
                                        Kútọnu.
                                        Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kejì, 2025.

Sàídátù ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé ara le? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún ìyá yín ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ oògùn? Gbogbo ará Ṣakété ńkọ́ o? Èmi wà níbi tí mo ti ń ránṣọ. Ara ò ro mí, inú ló ń bí mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, tó o bá sọ ọ́ fún èèyàn, wọ́n á ní irọ́ ni.

O rántí ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì tí àwa obìnrin dá sílẹ̀ nígbà tá ò tíì lọ́kọ? Marlène ń kọrin, èmi ń lu ìlù òyìnbó. Kò sẹ́ni tó kà wá sí. Ní àwọn ilé ọtí Jonquet, àwọn oníbàárà á ní ká gbé gìtá sílẹ̀, ká lọ gbé bíà wá.

Bíréèkì ọ̀kadà zẹ́mìjàn tó ti bà jẹ́ ni mo fi ṣe pẹ́dálì ìlù mi. Ó máa ń há. Tó bá ti há, ìlù á dákẹ́ díẹ̀, á wá sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Ojú máa ń tì mí. Àṣé àwọn ọmọbìnrin ìwòyí tó ń ṣe rọ́ọ̀kì ti rí kásẹ́ẹ̀tì tá a ṣe nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń lu ìlù bẹ́ẹ̀ báyìí! Pẹ́dálì tiwọn ò há o. Wọ́n ń kọ́ bó ṣe máa há ni.

Ni ràdíò bá pe Marlène wá sọ̀rọ̀ nípa kásẹ́ẹ̀tì yẹn. Mo ní kí àwọn oníbàárà mi dákẹ́, kí wọ́n gbọ́ orúkọ mi. Wọ́n bi í pé ta ló lu ìlù yẹn. Ó ní ẹ̀rọ ni. Ẹ̀rọ tó wá láti Faransé! Oníbàárà kan rọra bi mí pé ṣé ibi tí wọ́n ti máa dárúkọ mi ṣì wà níwájú.

Ilẹ̀ mọ́, mo gba ilé bàbá Marlène lọ ní Agblangandan, níbi tá a ti máa ń dánra wò. Àwọn ọmọbìnrin onírọ́ọ̀kì yẹn jókòó yí i ká, Islamiyat onílù wọn wà níbẹ̀. Mo ní, "Marlène, ẹ̀rọ ti dé o."

Ojú ò tì í. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má dá a lóhùn, aránṣọ mi ni."

Sàídátù, Marlène tó di irun mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi!

Ni Ìyá Loïc, aládùúgbò wọn, bá yọ orí lókè ògiri. "Ẹ̀rọ kẹ̀? Gbogbo ọ̀sán tí mo ń bẹ̀ yín nígbà náà pé kẹ́ ẹ jẹ́ kí ọmọ mi sùn, ẹ̀rọ wo ló ń bú mi padà? Jàmíátù ni! Ẹnu ẹ̀ burú ju ìlù ẹ̀ lọ!"

Marlène wọlé, kò jáde mọ́.

Bá mi kí ìyá yín àti gbogbo ilé. Ẹni tó bá sọ pé ẹ̀rọ ni mí, má bá a jà, ní kó lọ bi Ìyá Loïc.

Èmi ni tìrẹ, ẹlẹ́ran ara,
Jàmíátù.