Pátákó Ọṣẹ Tó Lé Ará Ìlú Wọ Igbó

Ìgbó-Ẹdẹ, lọ́nà Kétu,
Oṣù kẹta, ọdún 1938.

Kàmọ́rù, Àlàmú ọkọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara Èjìdé àbúrò mi tí o ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní àdúgbò Bè le? Ṣé òkun Lómè ṣì wà ní àyè rẹ̀, kò tíì wọlé bá yín? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó wọlé bá yín o. Tiwa ò burú, àfi orúnkún mi, àti ewúrẹ́ abilà tó bímọ mẹ́ta tó kọ ọ̀kan. Àkàndé tíṣà ló ń bá mi kọ ìwé yìí, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un.

Owó tí o fi ránṣẹ́ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní pósítì. Akọ̀wé ibẹ̀ kun àtàǹpàkò mi ní tàdáwà, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni n kò fi ọwọ́ yẹn kan omi, kí n má baà fọ̀ ọ́ tán kí wọ́n ní àwọn ò mọ̀ mí mọ́, kí wọ́n wá gba owó wọn.

O ní ọ̀gá tó kọ́ ọ ní iṣẹ́ lẹ́tà kíkọ sára pátákó ti súre fún ọ, o ti ń dá ṣiṣẹ́. Ọmọ mi, dárí jì mí. Nígbà tí o fi èédú kọ gbogbo ògiri ìyẹ̀wù bàbá rẹ, ẹgba mẹ́fà ni mo nà ọ́. Èmi ò mọ̀ pé àwọn kan wà níbì kan tí wọn yóò fowó bẹ̀ ọ́ kí o wá kọ nǹkan sára ògiri wọn.

Inú mi dùn pé o kọ pátákó fún Véronique ẹlẹ́ja láìgba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí o ní o ń kọ sẹ́nu ọ̀nà àwọn ará àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹni tó ń pín lẹ́tà lè mọlé, ìyẹn ń bà mí lẹ́rù. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ta ló wá ní kí o máa ka ilé fún onílé? Bí o bá dé ilé aláboyún, jọ̀ọ́, fò ó.

Wàyí o, pátákó tí o kọ ránṣẹ́ fún ọjà ọṣẹ mi. Àkàndé kàn án sókè ilẹ̀kùn, ó ní Faransé tó wà níbẹ̀ ni pé ọṣẹ Wúlẹ̀mọ̀tù ló dára jù. Ṣùgbọ́n kó tó ṣàlàyé fún ìlú, wọ́n ti rí lẹ́tà pupa bíi ti pátákó ìjọba, wọ́n ní ìjọba ti ṣí ilé owó-orí sọ́dọ̀ mi. Gbogbo ọkùnrin wọ igbó, nítorí iṣẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń fi tipátipá kó ènìyàn ṣe. Baálẹ̀ gbé adìẹ mẹ́ta wá, ó ní kí n bá àwọn bẹ òyìnbó. Mo gbà á, mo rò pé ó wá kí mi kú oríire ni.

Ní ọjọ́ kẹta, gaàdì kan, ọlọ́pàá òyìnbó, dé lóòótọ́. Ó dúró síwájú pátákó, ó ń wò ó. Bàbá rẹ, tí kò dárúkọ iṣẹ́ rẹ rí láti ìgbà tí o ti fi aṣọ títà Èjìdé sílẹ̀, òun ló dìde. Ó ní ọmọ òun ló kọ ọ́, bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, kí wọ́n mú òun. Gaàdì bú sẹ́rìn-ín, ó ní láti Pọbẹ̀ lòun ti ń wá ọṣẹ, àti pé òun ò rí lẹ́tà tó gún tó báyìí láti ìgbà tí òun ti kúrò ní Àjàṣẹ́. Ó ra márùn-ún. Ni àwọn ènìyàn bá ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú igbó. Mo dá adìẹ méjì padà fún Baálẹ̀, nítorí a ti jẹ ọ̀kan.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún òróró orúnkún, àti epo àtùpà. Bàbá rẹ ní kí o kọ pátákó kan fún òun náà. Mo bi í pé kí ló ń tà. Ó ní òun ò ta nǹkan kan, kí o ṣáà kọ ọ́ pé bàbá Kàmọ́rù ń gbé níbí.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọwọ́ rẹ gbọ̀n. Bí o ti ń kọ orúkọ ẹni ẹlẹ́ni kó má pa rẹ́, tìrẹ náà ò ní pa rẹ́. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Wúlẹ̀mọ̀tù ọlọ́ṣẹ.