Ife Tó Wà Níwájú Àga Àbúrò Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìfaradà ìlú ńlá, níbi tí ará ilé kejì kì í ti í kí ará ilé kìíní. Mo mọ̀ pé ara rẹ le, nítorí gbogbo òwúrọ̀ ni mo ń dárúkọ rẹ kí n tó fi omi bọ́jú, ọkàn mi sì máa ń balẹ̀ lórí rẹ. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ kò ní tòògbé. Bá wa kí àfẹ́sọ́nà rẹ. Sọ fún un pé bàbá yín ti gé kóòtù rẹ̀, àmọ́ wọ́n ní nínú ìwọ̀n tó fi ránṣẹ́, apá ọ̀tún gùn ju ti òsì lọ, kí ó lọ wo ara rẹ̀ nínú dígí dáadáa, bóyá bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn tàbí ẹni tó wọ̀n ọ́n ló ń ronú ohun mìíràn.

Ọ̀rọ̀ tí o bi wá ni mo fẹ́ dáhùn, pé ṣé kí o sún ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ síwájú títí wọn yóò fi rí àbúrò rẹ. Ìwọ náà mọ̀ pé láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi tí àbúrò rẹ ti ń se oúnjẹ ti rì, tí wọ́n yọ gbogbo àwọn yòókù jáde tí ó ku òun nìkan, bàbá yín ti sọ pé a kò ní ṣí ìgò ayẹyẹ kankan nínú ilé yìí. Èmi ní a ó ṣí i. Mo ní wọ́n sọ pé wọn ò rí i ni, ẹnikẹ́ni ò sọ pé òun rí òkú rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń pe fóònù rẹ̀. Obìnrin kan ló máa ń gbé e. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni, kò fìgbà kan jágbe mọ́ mi, ohun kan náà ló sì máa ń sọ, pé ẹni tí mo ń pè kò sí nítòsí, kí n tún pè tó bá yá. Mo bi í léèrè bóyá ó ń jẹun. Kò dáhùn, ó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo mọ̀ pé ojú ló ń tì í torí pé a kò tíì mọra. Mo sọ fún bàbá yín pé obìnrin tó bá mọ̀ pé ọmọ wa kò sí nítòsí, ó ní láti mọ ibi tó jìnnà tó wà. Wọ́n padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ náà, ó ń dún lọ, ó ń dún bọ̀. Nígbà tí mo yọjú sí wọn, kò sí aṣọ kankan lábẹ́ abẹ́rẹ́ náà.

Owó tí o ní ká fi dán wáìnì tó ń hó wò ti dé ọwọ́ mi. Mo lọ gbà á lẹ́nu ẹ̀rọ tó wà lára ògiri báǹkì. Ẹ̀rọ náà bi mí bóyá mo tún fẹ́ ṣe nǹkan mìíràn, mo ní rárá, ó ṣeun, ó ní òun náà dúpẹ́, mo ní kó máa kí àwọn ará ilé rẹ̀. Àwọn tó tò sẹ́yìn mi ń kùn pé kí n kúrò níbẹ̀. Ẹ̀rọ mọ ìwà hù jù wọ́n lọ.

Láti ibẹ̀ ni mo ti gba ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Kọ́ọ̀kì lọ, ẹni tó ń ta ọtí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ torí pé kọ́ọ̀kì kan, ìdérí ìgò wáìnì, kì í kúrò létí rẹ̀ bí pẹ́ńsù káfíńtà. Mo gbé ìgò kan, mo rí i tí wọ́n kọ mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún sí i lára. Mo ní rárá o, n kò lè fi ọtí tó gba máàkì mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún ṣe àwọn àna mi lálejò, kí ó lọ mú èyí tó yege wá. Ó ní bí ọtí náà ṣe lágbára tó ni wọ́n kọ. Mo ní ṣebí ohun tí èmi náà ń sọ nìyẹn, kò lágbára. Ó gbé òmíràn sílẹ̀, ó ní èyí gbẹ. Mo mì í, mo gbọ́ omi nínú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìdí mú, ó ní ṣúgà tó kéré nínú ọtí ni wọ́n ń pè ní gbígbẹ, ó ní kí n mú mélòó kan tó gbẹ àti mélòó kan tó dùn, torí àwọn tí ọtí ò mọ́ lára nínú àwọn àna.

Síbẹ̀ ó kọ́ mi ní nǹkan. Ó ní orúkọ ló wọ́n, ọtí kọ́. Ó ní orúkọ tí àwọn olówó ń rà, ibì kan ṣoṣo ló ni ín, àmọ́ àwọn ìlú mìíràn ń fi ọ̀nà kan náà pọn tiwọn, owó wọn ò sì ga. Ó ní kí n gbójú kúrò lára bébà góòlù tó wà lọ́rùn ìgò, kí n wo àwọn ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké tó ń gòkè láti ìsàlẹ̀ ife. Tí wọ́n bá wẹ́, tí wọ́n ń tẹ̀ lé ara wọn láìdáwọ́ dúró, ọtí gidi ni. Tí wọ́n bá tóbi bí ojú ẹja, tí wọ́n sì tètè tán, omi ṣúgà tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí lásán ni. Ó ní kí n ki ìgò bọ inú omi àti yìnyín, kí n bu iyọ̀ sí i kó lè tètè tutù, kí n di kọ́ọ̀kì mú gírígírí kí n máa yí ìgò, kí ọtí náà kàn mí kanlẹ̀, kó má kígbe. Mo ra mẹ́ta tí owó wọn ò pọ̀: aláwọ̀ píǹkì kan, ọlọ́rùn góòlù kan, àti aláwọ̀ ewé kan tí kò lẹ́ṣọ̀ọ́ kankan lára, tó jẹ́ pé owó tirẹ̀ ló kéré jù lọ.

Bàbá yín ò fẹ́. Mo ní títọ́ wò kì í ṣe ayẹyẹ. Wọ́n ní kí n má pẹ́ níbẹ̀. Mo to àwọn ife tẹ́ẹ́rẹ́ tí o fi ránṣẹ́ sórí tábìlì ní pálọ̀, ọ̀kan níwájú àga kọ̀ọ̀kan, ti bàbá yín, tèmi, tìrẹ, ti àbúrò rẹ, wọ́n sì ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ náà, torí mo fẹ́ kí tábìlì mọ iye wa. Nígbà tí wọ́n lo ọjọ́ mélòó kan níbẹ̀, mo ṣí aláwọ̀ píǹkì, mo bù ú sínú wọn. Ó hó nínú ife bàbá yín, ó hó nínú tèmi, ó hó nínú tìrẹ bí ẹni pé ìwọ gan-an ló jókòó síbẹ̀ tí o ń rojọ́. Nínú ti àbúrò rẹ, ó balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ìfófòó, kò sí ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo. Ó dúró jẹ́ẹ́ bí omi inú kànga.

Mo ní ẹ̀bi ọtí ni. Ní ọjọ́ kejì mo fọ àwọn ife náà, mo dá wọn padà síbi tí wọ́n wà. Nígbà tí ó tún di ọjọ́ kejì rẹ̀, mo ṣí ọlọ́rùn góòlù. Mẹ́ta hó, ẹyọ kan dákẹ́, ti àbúrò rẹ náà ni. Bàbá yín dìde lórí àga. Wọ́n ní ṣé mo ti rí i báyìí, ṣé ó ti dá mi lóhùn, kí n kọ̀wé sí ọ kí o sún ọjọ́ náà, ká lọ fi aṣọ dúdú sára. Ọmọ mi o! N kò jókòó sí pálọ̀ ní gbogbo ọjọ́ náà. Tí mo bá ń kọjá, ńṣe ni mo ń gba ẹ̀yìn àga yẹn bí ẹni tó ń ṣọ́ra kó má baà tẹ ẹsẹ̀ ẹnì kan.

Mo lọ bá Ọ̀gá Kọ́ọ̀kì jà pé ó tà mí ní ọtí burúkú. Ó ní ẹ̀bi ọtí kọ́, ó ní òróró ló máa ń pa ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, pé bí ó ti wù kí òróró kéré tó nínú ife, ọtí náà kò ní lè hó. Ó ní ta ló ń fi ọwọ́ olóròóró kan ife náà. Mo ní ta ni yóò fọwọ́ kàn án, ṣebí àwa méjì péré la wà nílé. Mo bínú kúrò níbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń ti ẹ̀yìnkùlé bọ̀ pẹ̀lú korobá omi, mo rí bàbá yín ní pálọ̀, wọn ò rí mi. O mọ òróró tí wọ́n máa ń fi pa orúnkún wọn nítorí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń wà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa á tán, ọwọ́ wọn ń dán. Wọ́n jókòó sí àga àbúrò rẹ, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbá ife rẹ̀ mú, wọ́n ń fi àtàǹpàkò ra inú rẹ̀ yípo yípo, fóònù wà láàárín etí àti èjìká wọn. Mo gbọ́ ohùn obìnrin yẹn. Ó ní ẹni tí wọ́n ń pè kò sí nítòsí. Bàbá yín ní kò burú, àwọn máa tún pè lọ́la, kó bá àwọn sọ fún un pé kóòtù tirẹ̀ náà ti wà nílẹ̀. Ẹni tó ń sọ fún mi pé ọmọ ti lọ o! Mo padà sẹ́yìnkùlé, mo jókòó ti korobá omi náà. Ẹkún àti ẹ̀rín dà pọ̀ mọ́ mi lójú.

N kò sọ fún wọn pé mo rí wọn. Mo fi omi gbígbóná àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ife náà títí ó fi ń ké lábẹ́ ìka mi. Mo fi aláwọ̀ ewé sínú yìnyín, mo bu iyọ̀ sí i, mo pe bàbá yín, mo ṣí i. Ó mí kanlẹ̀. Mo bù ú, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì hó. Mo kígbe, mo fò mọ́ bàbá yín, àwa méjèèjì mu tiwa, ó dùn, kò kan, kò sì fọ́ni lórí. Òun ni ká rà. Mo fi tìrẹ àti ti àbúrò rẹ sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà.

Nígbà tí oòrùn wọ̀, tìrẹ ti dákẹ́ bó ṣe yẹ kó dákẹ́. Ti àbúrò rẹ ṣì ń hó. Ilẹ̀ mọ́, ó ń hó. Ilẹ̀ tún mọ́, ó ń hó. Kò dín, àwọn ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ò sì tẹ̀ lé ara wọn bí Ọ̀gá Kọ́ọ̀kì ṣe júwe rẹ̀. Àwọn ìlẹ̀kẹ̀ náà á gòkè wọ̀ọ̀, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á tún gòkè wọ̀ọ̀, wọ́n á dúró díẹ̀. Mo ki ìka bọ̀ ọ́, mo tọ́ ọ wò, ó ní iyọ̀. Mo rò pé iyọ̀ inú yìnyín ló ta sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ìgò kan náà ni mo ti bu tèmi tó dùn. Mo pe Ọ̀gá Kọ́ọ̀kì kó wá wo ọjà rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó, ó ní kò sí wáìnì tó ń ṣe báyìí, ìbáà jẹ́ tàwọn olówó. Ó bi mí pé ta ló ni àga yẹn. Mo ní ọmọ mi ni, ó wà lójú omi. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn rìn jáde. Nígbà tí mo lọ bá a pé mo fẹ́ ra púpọ̀ sí i, ó ní kí n mú iye tó wù mí, àmọ́ kí n má pe òun wá sílé mọ́.

Nítorí náà, èsì wa rè é. Bàbá yín ní kí o má sún ọjọ́ náà rárá. Àwọn fúnra wọn ló ní kí a tẹ́ àga àbúrò rẹ, kí ife náà wà lórí tábìlì lójú gbogbo àna. Wọn kì í lọ sídìí ẹ̀rọ mọ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n ti nu ọwọ́ wọn gbẹ, wọn ò sì jẹ́ fọwọ́ kàn án. Èmi tí mo ń jà pé ká ṣe ayẹyẹ, èmi ni ara mi wá ń bù máṣọ báyìí. Jọ̀wọ́, fi owó ránṣẹ́ fún aláwọ̀ ewé tó máa tó ẹni mẹ́fà mẹ́fà sí ìgò kan, àti owó yìnyín. Àti pé kí o ṣáájú ọkọ rẹ wá, kí ìwọ náà wò ó, kí o sọ fún mi bóyá ojú mi ni.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ àlọ rẹ, yóò ṣọ́ àbọ̀ rẹ, ilé tí o ń wọ̀ yóò tù ọ́ lára, wọn ò ní wá ọ tì láé. Eṣinṣin pọ̀ nílé lásìkò yìí, mo sì fẹ́ mú àwo pẹlẹbẹ kan kí n fi dé ife náà kí n tó jáde lọ fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́. Bàbá yín gba àwo náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní tí mo bá dé e, báwo ni ó ṣe fẹ́ máa mí?

Èmi ni,
Ìyá rẹ.