Erùpẹ̀ Agbowó fún Odò Gòdàfárì

Èmi, Rábíátù Àbẹ̀ḿbí Seshagiri, aránṣọ, ọmọ Sùrájù tó ta awọ ní Ọjọ́ọ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé, opó Kotipalli Seshagiri, tí mo ń gbé ní Agbowó, Ìbàdàn, ni mo ń fi ìwé yìí bá àwọn ọmọ mi àti àwọn alámòójútó ogún mi sọ̀rọ̀. Ojú mi ti ń ṣú, n kò sì lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n orí mi pé. Ẹni tó bá sọ pé arúgbó ń ṣarán, kí ó ka bí mo ṣe pín àwọn ewúrẹ́ mi.

Mo yan àbúrò mi, Alhaji Nasir, àti Lọ́yà Ọláṣùmbọ̀ Adégbóyè, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Dùgbẹ̀, láti mú ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ. Nasir, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹkún yí ọ lọ́kàn padà. Mo mọ̀ ọ́.

1. Ilé Agbowó, tí èmi àti bàbá yín jọ kọ́: kí àwọn àáfà pín in fún Surajudeen àti Nabeelah, ọmọ mi méjèèjì, bí ẹ̀sìn wa ti là á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ ta ẹ̀yìnkùlé, nítorí pé bàbá yín sùn síbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga.

2. Ewúrẹ́ dúdú ni kí ẹ fún Moróunkẹ́, ayálégbé wa, nítorí pé òun ló ń bá mi bọ́ wọn láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Èyí tó ní àmì lójú di ti Nasir. Òbúkọ yẹn, ẹ pa á jẹ lọ́jọ́ àdúrà mi. Ó ti jẹ aṣọ àwọn oníbàárà mi tó.

3. Máṣíìnì ìránṣọ mi tó wà ní ṣọ́ọ̀bù Ring Road, pẹ̀lú àlùmọ́gàjí mi àti áyọ́ọ̀nù tí mo fi ń lọ aṣọ, ó di ti Nabeelah.

Níwájú máṣíìnì yìí ni bàbá yín ti kọ́kọ́ rí mi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Íńdíà láti wá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé wa ní ìṣirò. Ó gbé aṣọ funfun gbọọrọ kan wá, ó ní kí n kàn bá òun ká etí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń wé e mọ́ ìdí nílùú wọn nìyẹn. Wọn kì í gé e. Èmi kò mọ̀. Mo rò pé ojú ló ń ti àlejò láti sọ irú aṣọ tó fẹ́. Mo gé e, mo fi rán bùbá àti ṣòkòtò fún un, mo sì lọ̀ ọ́ dáadáa. Ó wo aṣọ náà títí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì wọ̀ ọ́ lọ sí ilé ìwé lọ́jọ́ kejì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀. Bàbá mi ní tirẹ̀ kò gbà kó fẹ́ mi títí bàbá yín fi gba Ìsìláàmù, tó di Abdussalam, tó sì ń kírun lẹ́yìn rẹ̀.

4. Àwọn ìwé ewì bàbá yín, kí ẹ fún Annapurna, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Íńdíà, nítorí èdè Telugu, èdè ìlú wọn, ni gbogbo wọn, kò sì sí ẹni tó lè kà wọ́n nínú ilé wa. Ọ̀kan nínú wọn wà lábẹ́ ẹsẹ̀ máṣíìnì, mo fi tì í kí ó má baà mì. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ nù ún kó mọ́.

Ní Agbowó, Tíṣà Gírì ni wọ́n ń pè é, àwọn ọmọ sì ń sá fún ẹgba rẹ̀. Ní Íńdíà lọ́hùn-ún ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n ní akéwì. Yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, yóò máa fi ìka lu itan bó ti ń to ọ̀rọ̀. Bó bá parí, ó di ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Dùgbẹ̀, láti fi í ránṣẹ́ sílé. Inú bí mi sí àwọn lẹ́tà wọ̀nyẹn. Mo gbà pé obìnrin kan wà ní Íńdíà. Mo fa ìjà tó mú kí àwọn ará àdúgbò wá là wá. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Annapurna túmọ̀ wọn fún mi: ewì òjò Ìbàdàn, ewì erùpẹ̀ pupa tí kì í fi bàtà sílẹ̀, ewì obìnrin aránṣọ tó gé aṣọ òun tí òun kò sì bá a wí. Ṣé ara mi ni mo ń jowú láti ọjọ́ yìí wá!

5. Orin òwúrọ̀ bàbá yín kò ṣeé pín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbí. Ìgbàkígbà tó bá ń wẹ̀ ló ń kọ ọ́. Mo gbọ́ ọ títí mo fi mọ̀ ọ́n lórí bí ẹni mọ Fátíhà, láìmọ ohun tó ń sọ. Ohùn rẹ̀ dùn. Òun ni mo fi rẹ̀ yín lẹ́kún nígbà tí ẹ wà lọ́mọ ọwọ́, òun náà ni Nabeelah fi ń rẹ àwọn ọmọ tirẹ̀ lẹ́kún. Bàbá yín a máa fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀ bó bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mo rò pé inú rẹ̀ ń dùn ni.

Lọ́jọ́ tó kú, kí oòrùn tó wọ̀, a ti sin ín bó ti yẹ mùsùlùmí. A ṣe é dáadáa, gbogbo Agbowó ló rí i. Lọ́dún kejì, Annapurna wá kí wa. Kí ara lè tù ú, mo kọ orin náà fún un. Ó bú sẹ́kún. Ó ní bàbá yín fúnra rẹ̀ ló ṣe ewì náà, pé ó ń bẹ Gòdàfárì, odò ìlú wọn: ìyá, mo ti rìn jìnnà, nígbà tí mo bá di eérú, gbà mí padà sínú omi rẹ. Sísun ni wọ́n ń sun òkú lọ́dọ̀ wọn, wọn a sì da eérú rẹ̀ sódò.

Ó gbìyànjú láti sọ fún mi. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, pé bí òun bá kú, ni mo ti ń fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu: Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, kí ló kàn ọ́ kan ikú? Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ó wá ń kọ ọ́ lórin fún mi, ó lé ní ogójì ọdún, èmi sì ń fi ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ mú ọmọ sùn. Mo gé aṣọ ọkọ mi lẹ́ẹ̀kejì, lọ́tẹ̀ yìí kò sí níbẹ̀ láti rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí. Kò tíì yé dùn mí.

6. Surajudeen, ìwọ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Mo ní kí a bu erùpẹ̀ díẹ̀ lórí ibojì bàbá rẹ, kí a gbé e lọ sí Gòdàfárì dípò eérú. O ní a kì í fọwọ́ kan ibojì òkú, o sì pariwo mọ́ mi. Láti ìgbà náà ni Nabeelah, àbúrò rẹ, kò ti bá ọ sọ̀rọ̀. N kò bá ọ jà, nítorí èmi ni mo mú ọ lọ sí ilé kéwú. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, mo ti wọn ọ̀rọ̀ náà dáadáa kí n tó gé e.

Bí mo bá kú, kí ẹ sin mí kí oòrùn tó wọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá yín, tímọ́tímọ́. Ẹ ó gbẹ́ ilẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì sí àáfà tí yóò ní kí ẹ má gbẹ́ ẹ. Erùpẹ̀ tó bá jáde ní ìhà ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí Surajudeen fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú rẹ̀. Ibojì tèmi ni ẹ gbẹ́. Ẹ kò fọwọ́ kan tirẹ̀.

Bùbá àti ṣòkòtò funfun náà wà nínú àpótí mi. Nabeelah, tú gbogbo ojú rírán rẹ̀, rán an pọ̀ padà di gbọọrọ, kí o sì ká etí rẹ̀ bó ti ní kí n ṣe. Inú rẹ̀ ni kí ẹ di erùpẹ̀ náà sí. Surajudeen ni yóò gbé e, ìwọ yóò bá a lọ. Lọ́yà mọ ibi tí owó ìrìn àjò yín wà. Annapurna yóò dúró dè yín létí odò.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ da erùpẹ̀ náà sínú omi, kí ẹ sì jọ kọ orin náà. Mo fi rẹ̀ yín lẹ́kún nígbà kan. Lọ́jọ́ náà, ẹ lè sunkún.

Mo fọwọ́ ara mi sí i ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn, lọ́jọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹjọ, ọdún 2025.

Rábíátù Àbẹ̀ḿbí Seshagiri

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ṣojú wọn:
Fìyìnfólúwa Adéníran, olùkọ́, Bódìjà
Islamiyat Ọlárónkẹ́ Yusuf, aránṣọ, Ring Road